A Ò Kọ Ara Wa, A Ò sì Jọ Gbé: Àlàyé Lórí Ìpínyà Lábẹ́ Òfin

Bí ẹ bá bá ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Ìyànà-Ìbà sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi kan bàbá àwọn ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ láti Ọ̀jọ́ títí dé Òkòkòmaíkò: “A ò jọ gbé mọ́.” Bí ẹ bá tún bi í pé, “Ṣé ẹ ti kọ ara yín ni, mà?” á ní, “Rárá o, a ò kọ ara wa.” Bí ẹ bá wá béèrè pé kí ni wọ́n wá jẹ́ sí ara wọn báyìí, á dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé mi dé ìdí àlàyé yìí, torí mo ti rí ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: ọkọ kú lójijì, àwọn ẹbí rẹ̀ dé, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ìyàwó tàbí àwọn ọmọ yóò dúró sí.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀: ká fara dà á, tàbí ká lọ tú ìgbéyàwó ká ní kóòtù. Ọ̀nà kẹta wà láàárín wọn, ó sì wà nínú òfin ìgbéyàwó tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1970, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act. Orúkọ tí òfin náà pè é ni judicial separation. Èmi yóò máa pè é ní ìpínyà lábẹ́ òfin. Òun ni pé kí adájọ́ pàṣẹ pé tọkọtaya lè máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé ìgbéyàwó wọn tú. Wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya. Kò sí èyí tó lè fẹ́ ẹlòmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àṣẹ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé kó padà wá sùn sílé. Wọ́n ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní LASU, fásitì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 tó wà níbí lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀jọ́. Ó ń dùn mí pé àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì kan náà kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Kí ẹ tó lọ síbì kankan, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Òfin 1970 yìí kò kan gbogbo ìgbéyàwó. Èyí tó kàn ni ìgbéyàwó tí a ṣe ní rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìgbéyàwó alárédè. Ẹ tú àpótí yín. Ìwé tí ẹ ń wá ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí òfin pè ní Form E, tí ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí. Ìwé aláràbarà tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ní òdòdó àti àdàbà lára, lè má jẹ́ nǹkan kan lójú òfin bí kò bá sí Form E lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló gbà pé kóòtù lòun ṣe, tó jẹ́ pé ìbùkún lásán ni pásítọ̀ gbé lé wọn lórí. Ẹ rántí bóyá wọ́n fi orúkọ yín lẹ̀ mọ́ ara pátákó rẹ́jísìrì fún ọjọ́ 21 ṣáájú ìgbéyàwó. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àyàfi bí ẹ bá gba ìwé àṣẹ àkànṣe.

Ẹni tó bá ní Form E, ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ nìkan ló lè dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Kóòtù kọkọ́kọ́ kò lè tú u, kò sì lè fún un ní àṣẹ ìpínyà. Bí wọ́n bá ti fún ẹnikẹ́ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kóòtù kọkọ́kọ́ lórí ìgbéyàwó alárédè, ìwé lásán ni. Ẹni tó bá torí ìwé náà lọ fẹ́ ẹlòmíràn ti wọ ọ̀ràn, torí òfin ka kí èèyàn ní ìgbéyàwó alárédè kan nílẹ̀ kó tún lọ ṣe òmíràn sí ìwà ọ̀daràn. Fún àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí, ilé ẹjọ́ gíga wà ní Àgbádárìgì lápá ìwọ̀-oòrùn, òmíràn sì wà ní Ìkẹjà. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ẹ ó ti mọ èyí tó yẹ yín.

Kí ni adájọ́ fẹ́ gbọ́? Àwọn ìdí tí èèyàn lè fi tú ìgbéyàwó ká náà ló lè fi béèrè fún ìpínyà. Bí ẹnì kejì bá ṣe panṣágà tí ara kò gbà á mọ́; bí ìwà rẹ̀ bá burú débi pé kò sí ẹni tó lè ní kí ẹ máa fara dà á; bó bá fi ilé sílẹ̀ láìnídìí fún ọdún 1 ó kéré tán; bí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnì kejì kò sì takò ó; tàbí bí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 3, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Àwọn ìdí mìíràn ṣì wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé kóòtù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àwọn ìdí yìí fi hàn adájọ́ pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tó fẹ́ ìpínyà kò ní láti sọ bẹ́ẹ̀. Kó fi ìdí náà múlẹ̀ ti tó. Ó lè máa retí pé bóyá lọ́jọ́ kan, ọkọ òun yóò yí padà.

Ìyàtọ̀ kejì tún wà, tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọmọ mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfin kò gbà kí èèyàn béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó kò tíì pé ọdún 2, àfi bí kóòtù bá fún un láyè ní pàtàkì. Kò sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lórí ìpínyà. Ìyàwó tí wọ́n gbé níyàwó ní Kejìlá ọdún tó kọjá, tí ọkọ ti ń lù bí ẹní lu bàrà láti oṣù kejì, kò ní láti ka ọjọ́ títí ọdún 2 yóò fi pé. Ó lè gba ilé ẹjọ́ gíga lọ lónìí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé lílù ni, kó má tilẹ̀ dúró de ìpínyà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tó dènà ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007. Kóòtù lè torí òfin yẹn pàṣẹ kíákíá pé kí ẹni tó ń lu ẹnì kejì jìnnà sí i. Ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní DSVA, wà fún irú rẹ̀. Ara àti ẹ̀mí ló ṣáájú. Ìwé ìpínyà lè tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ “gbígbé lọ́tọ̀” yìí tọ́ sí àlàyé, nítorí bí ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ká ní ilé fésì-mí-aìfésì-yú kan wà ní àdúgbò Ìgbó-Elérin ní Òkòkò, yàrá mẹ́wàá tó kojú sí ara wọn, ilé ìwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Bàbá Tọ́pẹ́ àti Ìyá Tọ́pẹ́ ní yàrá kan àti pálọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjà ti dé, Bàbá ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀, Ìyá àti àwọn ọmọ wà ní yàrá. Sítóòfù méjì ló wà ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá ti fi kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù tí gààrí àti epo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tó wà níwájú ilé, ó ń fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ń fi owó ilé-ìwé rán Tọ́pẹ́ sí ìyá rẹ̀ nínú ápòòwé. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀ nítorí àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó lè kó jáde, torí owó ilé ọdún kan pẹ̀lú owó ajẹ́ńtì àti ti lọ́yà ti ju agbára wọn lọ.

Ṣé wọ́n ń gbé lọ́tọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin wa sọ pé ká kà wọ́n sí ẹni tó ń gbé lọ́tọ̀ àfi bí wọ́n bá jọ ń gbé nínú agbo ilé kan náà gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Kì í ṣe òrùlé ni òfin ń wò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé ló ń wò: ta ló ń dáná fún ta, níbo ni wọ́n ń sùn, ṣé wọ́n jọ ń náwó, ṣé wọ́n jọ ń lọ sóde. Ní England ní ọdún 1973, ẹjọ́ kan wáyé tí wọ́n ń pè ní Fuller àti Fuller. Ìyàwó ti lọ bá ọkùnrin mìíràn gbé. Àìsàn wá ṣe ọkọ, kò lè dá gbé mọ́, ó sì kó lọ gba yàrá nínú ilé tí ìyàwó rẹ̀ àti ọkùnrin náà wà. Ó ń san owó yàrá, ìyàwó sì ń bá a dáná, ó ń bá a fọṣọ. Kóòtù ní lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, torí ayálégbé ni ọkùnrin náà, kì í ṣe ọkọ, nínú ilé yẹn. Ẹni tó bá wà ní ipò Ìyá Tọ́pẹ́ gbọ́dọ̀ rántí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ ará ilé tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ níbì kan. Adájọ́ yóò béèrè.

Ìrìn-àjò kóòtù fúnra rẹ̀ kò ṣòro yé. Lọ́yà yóò kọ ìwé ẹ̀sùn, ẹ ó búra sí i pé òótọ́ ni. Òfin fi dandan lé e kí lọ́yà kọ́kọ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ bóyá ìjà náà lè parí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ náà lè dá ẹjọ́ dúró díẹ̀ bó bá rí i pé ẹ ṣì lè bá ara yín rẹ́. Wọ́n á mú ìwé lọ fún ẹnì kejì, á fèsì, wọ́n á gbọ́ ẹlẹ́rìí. Nínú ẹjọ́ kan náà yìí ni ẹ ti lè béèrè owó oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ, àti bí ilé tàbí ilẹ̀ yóò ṣe rí. Owó ìtọ́jú ọmọ lè máa lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 21. Nínú ìkọ̀sílẹ̀, adájọ́ á kọ́kọ́ fúnni ní àṣẹ àkọ́kọ́, ẹ ó sì dúró fún oṣù 3 kó tó di àṣepé. Ìpínyà kò ní ìdádúró yẹn. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀, ìyẹn Office of the Public Defender, kó béèrè bóyá wọ́n lè gba ẹjọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàyí o, kí ni ìwé náà ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti jáde? Èyí ló yẹ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà.

Ó tú ẹni tó béèrè fún un sílẹ̀ kúrò nínú ojúṣe jíjọ-gbé. Ẹni tó bá dá kó jáde láìní ìwé lè gbọ́ lọ́jọ́ iwájú pé òun ló fi ilé sílẹ̀, kí wọ́n sì torí rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ẹni tó ní ìwé kò sá lọ síbì kankan. Àwọn méjèèjì sì lè pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí àdéhùn tàbí ìpalára, bí ẹni tí kò bá ara wọn tan. Bí kóòtù bá ti ní kí ọkọ máa san owó ìtọ́jú, tí kò san án, tí ìyàwó wá ra àwìn oúnjẹ tàbí oògùn tó ṣe kókó, ọrùn ọkọ ni gbèsè náà yóò wà.

Ti ogún ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú nígbà tí àṣẹ ìpínyà ṣì wà nílẹ̀, tí kò sì kọ ìwé ìhágún, òfin ní kí wọ́n pín dúkìá rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kejì ti kú ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa yékéyéké. Ká ní ọkọ ní ìlàjì pulọ́ọ̀tì ní Ìbà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Àwọn ọmọ yóò jogún. Ìyàwó tó gba ìwé ìpínyà kò ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ilé ló ṣì jẹ́ ní orúkọ. Ohun kan náà ni fún ọkọ bó bá jẹ́ ìyàwó ló ní ṣọ́ọ̀bù ní Àlábà. Nítorí náà, bí ẹ bá jọ ra ilẹ̀, tàbí ẹ jọ ru bíríkì kọ́ ilé, ìgbà tí ẹjọ́ ìpínyà ń lọ lọ́wọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ kí kóòtù lè pín in. Ẹ má fi sílẹ̀ de ọjọ́ ikú. Ẹ sì rántí pé ìwé ìhágún tí ẹnikẹ́ni ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣì dúró bó ṣe wà. Ìpínyà kì í fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ya. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, kó kọ tuntun.

Ta ni ọ̀nà yìí wà fún? Lójú tèmi, àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọ ara wọn ló bá mu jù. Ìjọ Àgùdà kò gba ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin ìjọ náà ti ọdún 1983 gbà kí tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀ bí ọ̀kan bá ń fi ẹ̀mí tàbí ọkàn ẹnì kejì tàbí ti àwọn ọmọ sínú ewu, kí okùn ìgbéyàwó sì wà síbẹ̀. Láti inú èrò bẹ́ẹ̀ ni òfin ìpínyà yìí ti wá. Kóòtù àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní England ló kọ́kọ́ ń fúnni ní irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì ń pè é ní ìpínyà kúrò nídìí oúnjẹ àti lórí ibùsùn. Òfin ọdún 1857 gba agbára yẹn lọ́wọ́ ìjọ, ó gbé e fún kóòtù ìjọba, ó sì sọ ọ́ ní judicial separation. Ní Èkó, òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 ló fẹsẹ̀ ọkọ kan, aya kan múlẹ̀ fún àwọn tó ṣe alárédè, òfin àwọn òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni kóòtù wa sì ń lò títí di 1970. Ọ̀nà ìpínyà yìí tún bá àwọn tó rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ àyè láti ronú mu, àti àwọn àgbàlagbà tí kò ní í fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, tó jẹ́ pé àlàáfíà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn, tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tuntun, kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò níbi ìpínyà. Ìkọ̀sílẹ̀ ló ń wá.

Ẹ má sì sọ pé àṣà òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ìyàwó lè kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dá owó orí padà. Á jókòó síbẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe alárenà tó mú wọn mọ ara wọn, ẹbí méjèèjì á jókòó. Títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀, ìyàwó ilé náà ló ṣì jẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé obìnrin nìkan ni wọ́n fún lórúkọ, wọ́n ń pè é ní ilémosú. Ọkọ tó wà nílé tirẹ̀ kò ní orúkọ kankan. Lójú ìwé adájọ́, ipò kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Àwọn tó jẹ́ ìdáná nìkan ni wọ́n ṣe, tàbí tí àlùfáà so yìgì fún wọn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa. Òfin 1970 kò fún wọn ní àṣẹ ìpínyà. Kò wá túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa gbé nínú òkùnkùn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹbí méjèèjì jókòó, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀: iye owó oúnjẹ, ọjọ́ tí bàbá yóò máa rí àwọn ọmọ, ta ni yóò san owó ilé-ìwé. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens’ Mediation Centre, tó ti ń bá aráàlú parí ìjà láti ọdún 1999 láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì lè bá yín kọ àdéhùn náà kí ẹ fọwọ́ sí i. Ní ti àwọn ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó, ọdún 2007, kò bi ọmọ léèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n fi bí i. Bàbá àti ìyá ló ni ín lọ́rùn, kóòtù ìdílé sì wà tó lè fi dandan lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Ìpínyà kò dí ọ̀nà ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lónìí, tó wá rí i lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan pé kò sí ìrètí mọ́, lè padà lọ béèrè pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà, kó sì lo ìdí kan náà tó fi gba ìpínyà. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń parí ìjà. Ọkọ á wá bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ìyàwó á kẹ́rù padà, sítóòfù á di ẹyọ kan, inú àwọn ọmọ á sì dùn. Inú mi náà máa ń dùn bí mo bá gbọ́ irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ìwé tó wà ní kóòtù. Ìlàjà ẹbí kò lè pa á rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ padà lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé àwọn ti jọ ń gbé padà, kí adájọ́ sì fagi lé àṣẹ náà. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí bàbá bá kú lórí ibùsùn tí wọ́n jọ sùn lé, lójú òfin ogún, ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀.